Dọ̀tun Sọ Ìgbà Di Igba

Bí ẹ bá ń wá ìtàn tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn. Inú ló ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí, inú sì ń bí Tẹjúmádé, tí gbogbo wa ń pè ní Téjú, tó ni ìtàn náà ju tèmi lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síta, kí n má sì dá ẹnikẹ́ni sí nínú rẹ̀, títí kan òun alára.

Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà pákó ní Katako, nílùú Jọ́ọ̀sì, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Yàkúbù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, ló ni ín. Ẹ̀rọ ìsàba ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àpótí onípákó tó ń ṣe iṣẹ́ ìyá adìyẹ: ó ń mú ẹyin gbóná, ó sì ń yí wọn padà lóòrèkóòrè títí wọn yóò fi pa. Àwọn káfíńtà ń kan àpótí nísàlẹ̀. Téjú àti Dọ̀tun wà lókè, wọ́n ń kọ kọ́ọ̀dù tó ń darí ẹ̀rọ náà. Iṣẹ́ Dọ̀tun ni ooru, iṣẹ́ Téjú ni yíyí ẹyin.

Àwọn méjèèjì ń fẹ́ra wọn. Wọ́n ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá Téjú sì ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kabong, àdúgbò wọn.

Ọ̀gá Yàkúbù ní àṣà kan tí ẹ kò ní bá níbòmíràn. Oníṣẹ́ rẹ̀ kan ti jí kọ́ọ̀dù rẹ̀ tà rí, láti ọjọ́ náà ló ti pàṣẹ pé Yorùbá ni gbogbo orúkọ inú kọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ jẹ́. “Ẹni tó bá tún jí i,” ló máa ń wí, “kó kọ́kọ́ lọ wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní Yorùbá nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ti ń sọ Hausa yìí.” Ó tún fi kọ́kọ́rọ́ sí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ka fáìlì ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọ ohunkóhun sínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kì í gba àmì lórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí Téjú bá fẹ́ kọ ìgbà, ìyẹn àsìkò tí ẹyin ti lò láti ìgbà tí wọ́n ti yí i kẹ́yìn, “igba” lásán ló máa ń tẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Dọ̀tun jẹ́ fún yín. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i, ó wá sin ìjọba ní Jọ́ọ̀sì, kò sì padà sílé mọ́. Ó mọ iṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kí Téjú parí gbólóhùn kan kó má tún un ṣe fún un. “Yorùbá Katako lo ń sọ yẹn,” ló máa ń wí níwájú àwọn èèyàn. Téjú, tí wọ́n bí sí Kabong tí Hausa sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, á kàn ní “haba, Dọ̀tun,” á sì rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ló pè é.

Nígbà tí Hájíyá Sàdíátù, obìnrin tó ní oko adìyẹ ńlá, sọ pé òun ń bọ̀ wá wo ẹ̀rọ tuntun náà lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì jókòó.

“Tí Hájíyá bá ti gbà á,” ló wí, “èmi á gbájú mọ́ títà. Ẹnì kan ní láti jẹ́ olórí iṣẹ́ kọ́ọ̀dù níbí. Téjú, ìwọ ni.”

Dọ̀tun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó fà á mọ́ra lójú Ọ̀gá, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Dọ̀tun kó fáìlì ooru tuntun rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà. Lọ́sàn-án, Téjú ní kí kọ̀ǹpútà kọ̀mpáìlì gbogbo iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé kó yí ohun tí wọ́n kọ padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Kọ̀ǹpútà yarí. Ó tọ́ka sí ìlà kan nínú fáìlì Téjú, ó ní orúkọ lòun ń retí níbẹ̀, nọ́ńbà lòun sì bá.

Téjú wo ìlà náà. int igba, ló wà níbẹ̀: int ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé orúkọ ló tẹ̀ lé e. Òun ló kọ ọ́, ó ti pẹ́ níbẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà rí.

“Nọ́ńbà wo?” ló bi kọ̀ǹpútà.

Ó pa ìlà náà rẹ́, ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Ó yẹ ìlà tó ṣáájú wò, ó yẹ èyí tó tẹ̀ lé e wò, ó wá àmì tó lè sọnù, kò rí nǹkan kan. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ìlà kan náà, ẹ̀sùn kan náà.

Ọ̀gá gòkè wá. “Kí ló dé? Hájíyá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o.”

“Kò kọ̀mpáìlì, sà.”

“Ìlà ta ló ń tọ́ka sí?”

“Tèmi ni, sà.”

“Ó dáa, tún un ṣe.” Ó dúró tì í. Téjú kò mọ ohun tí òun máa tún ṣe lára ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò lábùkù.

Dọ̀tun wá dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. “Yọ igba yẹn kúrò, jàre. Òun ló ń dà ẹ́ láàmú.”

Ó pè é bí ẹni tó ń ka iṣu lóko ṣe máa pè é. Téjú gbọ́ ọ dáadáa. Ó rò pé Dọ̀tun tún ń fi Yorùbá òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Dọ̀tun wá yíjú sí Ọ̀gá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Mo ti kọ apá yíyí ẹyin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, tó bá lè wúlò. Àsìkò ni mo pe tèmi, mi ò pè é bíi tiẹ̀.”

Wọ́n fi ti Dọ̀tun sí i. Ó kọ̀mpáìlì kíá.

Ọ̀gá wo Téjú bí ẹni tó da omi sórí àlejò. “Lọ sinmi,” ló wí. “Dọ̀tun á parí ẹ̀.”

Nígbà wo ló kọ ọ́? Ta ló ní kó kọ ọ́? Téjú ń bi ara rẹ̀ bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lápá. Kò lọ sílé. Ó jókòó sórí pákó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú òtútù, ó sì tún iṣẹ́ náà ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Kí kọ̀ǹpútà tó ka kọ́ọ̀dù rárá, ó máa ń kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá láti pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sókè pé níbikíbi tí o bá ti rí ọ̀rọ̀ báyìí, fi nǹkan báyìí dípò rẹ̀, kò ní béèrè ìdí. Á pààrọ̀ rẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn. Makíró ni wọ́n ń pè é. Òfin ṣọ́ọ̀bù wọn ni pé lẹ́tà ńlá ni kí wọ́n fi kọ orúkọ makíró, kí gbogbo ojú lè rí i.

Ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó ṣe pípààrọ̀ yẹn nìkan, kó dúró, kó fi ohun tó kù han òun. Téjú ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlà ya jáde. Ó wá ibi tí tirẹ̀ wà.

int 200, ló bá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Nọ́ńbà ti jókòó sáyè orúkọ, bí kọ̀ǹpútà ti wí láti ọ̀sán. Ó wá gbogbo fáìlì, ó sì rí i lókè fáìlì ooru, èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà ṣáájú tirẹ̀, ní lẹ́tà kékeré: #define igba 200.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Igba àti ìgbà! Ọmọ Yorùbá nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó fẹ́ sáré gòkè lọ sọ fún Dọ̀tun kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín sí i. Kí ó tó dìde, ó wo ibi tí Dọ̀tun ti lo igba náà. Kò lò ó níbì kankan. Ó kàn gbé e síbẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn àga rẹ̀ padà sí i létí. Yọ igba yẹn kúrò. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni, orúkọ Ọ̀gá ni ǹ bá pariwo láti ibẹ̀. Téjú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró de Dọ̀tun, tó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ másà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

“Kí ni igba ń ṣe nínú fáìlì ẹ?”

“Igba wo? Àà, yẹn. Agbára iná ò gbọdọ̀ kọjá igba. Mo fún un lórúkọ ni.”

“Ní lẹ́tà kékeré? Ìwọ tó o máa ń jágbe mọ́ mi lórí lẹ́tà ńlá?”

“Mo gbàgbé. Kái, Téjú, ṣé mo pààyàn ni?”

“O ò lò ó níbì kankan. Mo ti wá a.”

Dọ̀tun ń jẹ másà rẹ̀ lọ.

“O dúró lẹ́yìn mi, o ní kí n yọ igba kúrò,” ni Téjú wí. “O ò pè é ní ìgbà. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé igba wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ mọ̀ ọ́n. O ti ń fi Yorùbá bú mi tipẹ́, Dọ̀tun, etí mi ò di.”

Dọ̀tun gbé másà kalẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò tọrọ àforíjì. “Kí wá ni kí n ṣe? Kí ìyàwó mi máa pàṣẹ fún mi níbi iṣẹ́? Kí àwọn káfíńtà máa fi mí rẹ́rìn-ín?”

“Mi ò tíì di ìyàwó ẹ. O sì lè bá mi sọ ọ́.”

Dọ̀tun rí i pé ojú Téjú ti yí padà, ló bá kúnlẹ̀ sórí ìdọ̀tí pákó. Ẹ gbọ́ ohun tó wí, torí òun gan-an ló ń bí mi nínú jù. “Tí Ọ̀gá bá gbọ́, ó máa lé mi lónìí. Kí la fẹ́ sọ fún ìyá ẹ? Don Allah, jọ̀ọ́, sọ fún un pé ìwọ lo ṣì í. Ó fẹ́ràn ẹ, ó máa gbójú fò ó. Tí mo bá sì wá di olórí, ta ni mo fẹ́ ṣe é fún? Ṣé kì í ṣe ilé kan náà la jọ ń lọ ni?”

Téjú rántí ìyá rẹ̀ tó ń fi fọ́tò Dọ̀tun han àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti relé ọkọ. Ó wo ọkùnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó lè kúnlẹ̀ báyìí ti ronú pìwà dà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ.

Ó gòkè lọ bá Ọ̀gá. “Èmi ni mo ṣì í, sà. Mo fi nọ́ńbà kan sí orúkọ tí mo ti ń lò. Mo ti rí i.”

Fóònù Ọ̀gá ń dún, kò béèrè ibi tó fi í sí. “Ìwọ ni mo gbọ́kàn lé, Téjú,” ló wí. “Ó dáa, Dọ̀tun ni kó jẹ́ olórí.”

Ṣé ẹ rò pé Dọ̀tun dúpẹ́? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ní orúkọ tuntun fún un. “Igba, bá mi gbé ṣájà yẹn wá.” “Igba, ṣé o ti ṣe tán?” Àwọn káfíńtà náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí Téjú bá ti ń kọjá, wọ́n á ní “Igba, sannu,” wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Dọ̀tun wá kí ìyá Téjú ní Kabong lẹ́yìn ìsìn. Ó jókòó sínú pálọ̀, ó sì tún ìtàn náà sọ, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. “Màmá, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yín ní Yorùbá kí n tó gbé e dé Ọ̀yọ́ o. Kò mọ igba yàtọ̀ sí ìgbà. Díẹ̀ ló kù kó ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Téjú fi ẹnu bọ ife omi kí ó má baà sọ̀rọ̀.

Ó sìn ín dé ẹnu géètì. “Dọ̀tun, o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.”

“Ohun tí o sọ fún Ọ̀gá lohun tó ṣẹlẹ̀,” ló fèsì, ó sì gun ọ̀kadà lọ.

Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọkùnrin tó kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Téjú dúró ní géètì, inú sì bí i débi pé kò lè sunkún.

Hájíyá Sàdíátù dé lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ Ìlọrin lòun náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ojú rẹ̀ sì ń ríran. Ọ̀gá tan ẹ̀rọ. Àtẹ ẹyin rọra yí sápá ọ̀tún, ó dúró, ó yí sápá òsì. Kọ́ọ̀dù Téjú gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Dọ̀tun ti pa ìlà igba rẹ́, ó sì ti yọ tirẹ̀ kúrò torí pé ti Téjú dára jù. Òun ló wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Hájíyá bí ẹni pé òun ló bí i.

Bí Hájíyá ti ń mi orí, ó wu Dọ̀tun láti pa á lẹ́rìn-ín.

“Hájíyá, ẹ̀rọ yìí fẹ́ẹ̀ má ṣiṣẹ́ o. Arábìnrin yìí kọ igba, ọgọ́rùn-ún méjì yẹn, lé orí ìgbà. Kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó máa mú. Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni, ẹ bá mi forí jì í.”

Hájíyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. “Mi ò tiẹ̀ béèrè,” ni Ọ̀gá wí, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. “Inú fáìlì wo ló kọ ọ́ sí?”

“Fáìlì ooru, sà, lókè pátápátá. Bí mo ṣe ṣí i báyìí ni mo...”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá.

“Fáìlì ooru, tìẹ ni. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Báwo ni Téjú ṣe kọ nǹkan síbẹ̀?”

Dọ̀tun kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀gá. Ó wá wo Téjú, ó sì ń retí. Ẹ wo ìgboyà. “Téjú,” ló wí, “ṣàlàyé fún wọn.”

“Mo ti ṣàlàyé fún wọn lẹ́ẹ̀kan,” ni Téjú wí. “Irọ́ ni mo fi ṣe é. Ìwọ lo kọ ọ́, Dọ̀tun. O kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré kí ojú má baà rí i. O ti kọ tìẹ pamọ́, o pe tìẹ ní àsìkò kí ọwọ́ ohun tí o dẹ má baà tẹ ìwọ náà. O kúnlẹ̀ sórí ìdọ̀tí pákó, o ní kí n gbà á lé orí, mo gbà á. O wá lọ jókòó sí pálọ̀ ìyá mi, o fi mí ṣe ẹlẹ́yà, o jẹ́ kí ìyá mi fi mí rẹ́rìn-ín. Sọ fún wọn pé mo parọ́ mọ́ ẹ. Pe igba bí o ṣe pè é lẹ́yìn àga mi lọ́jọ́ Ẹtì, kí Hájíyá gbọ́.”

Ohùn rẹ̀ ti dé ìsàlẹ̀. Àwọn káfíńtà dáwọ́ òòlù dúró.

Dọ̀tun kò pe nǹkan kan. “Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ nìyẹn,” ló ń ráhùn, “kò yẹ kó dé etí àlejò.”

“Kó ẹrù ẹ,” ni Ọ̀gá wí.

Nígbà tó lọ tán, Hájíyá ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà tàn kóun tún wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó gbà á, ó sì bọ Téjú lọ́wọ́ kó tó lọ. Téjú sìn ín sísàlẹ̀, ó sì padà gòkè tayọ̀tayọ̀. Ó ń dúró kí Ọ̀gá sọ ohun tó kù.

Ọ̀gá jókòó.

“Ẹ ṣeun, sà,” ni Téjú bẹ̀rẹ̀. “Tí ẹ bá fẹ́, mo lè gba iṣẹ́ olórí náà látòní.”

“Téjú, nígbà tí kọ̀ǹpútà sọ pé ìlà ẹ ló bàjẹ́, mi ò gbà á tán. Ìgbà tí ìwọ fẹnu ara ẹ sọ ọ́ ni mo gbà.”

“Dọ̀tun ló bẹ̀ mí, sà.”

“Mo gbọ́. Dọ̀tun ba kọ́ọ̀dù mi jẹ́, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n olórí ló máa ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti dára, pé kí n lọ kó ẹyin ọlọ́ẹyin sí i. Lọ́jọ́ tí ìwọ bá sọ bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹnì kan lo tún ń bò?”

Títí di òní ni Téjú ń wá èsì ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hámzàt ni wọ́n mú wá láti Ìlọrin láti ṣe olórí, ọ̀dọ̀ Téjú ló sì ti ń kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí ẹyin.

Inú ń bí Téjú sí Dọ̀tun, inú ń bí i sí Ọ̀gá nítorí pé òdodo lọ̀rọ̀ rẹ̀, inú sì ń bí i sí ara rẹ̀ jù lọ. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kò sí mọ́.

Dọ̀tun pe Téjú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohùn orí eékún ló tún mú wá.

“Téjú, iṣẹ́ ò rọrùn láti rí. Don Allah, bá mi pe Ọ̀gá. Sọ fún wọn pé eré la jọ ń bára wa ṣe. Tó bá jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, wọ́n máa gbà ẹ́ gbọ́.”

“Wọn ò gbà mí gbọ́ mọ́, Dọ̀tun,” ni Téjú wí. “Orí ẹ ni mo lo ìgbàgbọ́ yẹn tán sí.”